Halali Ni Ẹja Odò, Ṣùgbọ́n Odò Ní Òfin



Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a ti kírun tán, obìnrin kan nínú àwọn alásàlátù wa, ẹni tí ó ń ta ẹja gbígbẹ, wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Ó tú ìdì kan sílẹ̀ níwájú mi. Ẹja ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ nínú wọn. Ó ní: "Àfáà, irú èyí ni wọ́n ń kó wá fún wa láti òkè Ọya báyìí. Nígbà tí ìyá mi ń ta ẹja, bí ẹnì kan bá gbé irú èyí wá sí ọjà, ńṣe ni wọn yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá rà á tà?"

Ebi ń pa mí lọ́jọ́ náà, mo sì ń kánjú. Mo dá a lóhùn pé: "Ìyá, ohun tí ó bá ti inú omi jáde, halali ni. Ẹ máa tà á." Ó dúpẹ́, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí mo délé, ọkàn mi kò balẹ̀. Irọ́ kọ́ ni mo pa fún un, ṣùgbọ́n èsì mi kò pé. Ó bi mí léèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà pa ẹja, èmi sì dá a lóhùn lórí ẹran ara ẹja. Nítorí náà ni mo ṣe mú kálàmù mi lónìí, kí n lè parí èsì náà, kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò ẹja, àti ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ́, lè bá a gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ Àlùkùránì wò. Nínú Súúrà Al-A'raf, Ọlọ́hun rán wa létí ìtàn ìlú kan tí ó wà létí òkun láàrin àwọn ọmọ Ísráílà. Ọlọ́hun kò sọ ẹja di haraamu fún wọn. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀ ni Ó ní kí wọ́n má ṣe pa á, èyíinì ni ọjọ́ ìsinmi wọn. Ó sì dán wọn wò: ní ọjọ́ èèwọ̀ náà ni ẹja yóò máa yọ wá lójú omi, ní ọjọ́ yòókù wọn kò ní rí i. Àwọn onítúmọ̀ sọ fún wa pé àwọn kan nínú wọn dá ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Wọn yóò dẹ àwọ̀n sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, bí ọjọ́ náà bá sì ti kọjá, wọn yóò lọ kó ẹja, wọn yóò ní àwọn kò ṣẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ìyà tí ó tẹ̀lé e.

Nínú ìtàn yìí, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ará ìlú náà pín sí. Àwọn kan rú òfin. Àwọn kan kìlọ̀ fún wọn. Àwọn kẹta jókòó, wọ́n ń bi àwọn tí ń kìlọ̀ pé kí ni wọ́n ń da ara wọn láàmú sí. Àwọn tí ó kìlọ̀ ni Àlùkùránì sọ fún wa gbangba pé Ọlọ́hun gbà là. Nígbà tí mo rántí èyí, ẹ̀rù bà mí, nítorí pé ìyá ẹlẹ́ja yẹn fẹ́ wà lára àwọn tí ń kìlọ̀, èmi àfáà rẹ̀ ni mo sì fẹ́ fà á lọ́wọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn kẹta.

Òfin ọjọ́ ìsinmi yẹn kì í ṣe tiwa, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò parẹ́. Ohun tí ó jẹ́ halali lè ní ìgbà tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹran ìgbẹ́ halali ni, síbẹ̀ ẹni tí ó bá ti wọ aṣọ ìháràmù lọ́nà Mẹ́kà kò gbọdọ̀ dọdẹ rẹ̀.

Ǹjẹ́ òfin wo ni ó wà lórí odò tiwa? Kí a tó dáhùn èyí, ẹ jẹ́ kí a tọ Odò Ọya lọ sókè, nítorí pé láti òkè ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣàn bọ̀.

Orí òkè ilẹ̀ Guinea ni Odò Ọya ti ń ṣàn wá. Ó gba Mali, ó gba Niger, ó kan ààlà Benin, kí ó tó wọ Nàìjíríà. Ní àárín gbùngbùn Mali, ní agbègbè Djenné, Mopti àti adágún Debo, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, odò náà sì máa ń jáde kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀, yóò bo pápá lọ títí ojú kò fi ní tó o mọ́. Ní 2004, a kọ ilẹ̀ yìí sínú ìwé àdéhùn Ramsar tí ó wà fún àwọn àbàtà pàtàkì ayé, ìwọ̀n rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 4 héktà. Ọ̀nà Mali yìí náà ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn baba wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì gbà pé láti ara orúkọ Mali ni wọ́n ti ń pè wá ní Ìmàle. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àjèjì kọ́ ni mo ń sọ.

Òjò tí ó bá rọ̀ ní Guinea ní nǹkan bí oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni ó máa ń mú kí omi kún dé Mopti ní oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá. Bí omi bá ti ń gòkè ni ẹja yóò tẹ̀lé e wọ inú koríko láti yé ẹyin. Inú koríko yẹn ni àwọn ọmọ wọn ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá pamọ́ fún ọ̀tá. Bí omi bá ti ń fà, wọn yóò gba ojú ẹ̀ya odò padà sínú odò ńlá. Àwọn tí kò bá tètè lọ ni yóò há sínú ọ̀gọ̀dọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi kan náà yìí ni yóò tún rìn wá bá wa, tí yóò dé ìhà Kàǹjí lẹ́yìn tí ọdún tuntun bá ti wọlé, nígbà tí òjò ti dá lọ́dọ̀ wa. Omi dúdú ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó ti fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Mali, ó yàtọ̀ sí omi funfun tí òjò àdúgbò máa ń gbé wá pẹ̀lú ẹrẹ̀.

Ẹ wo bí Ọlọ́hun ti ṣètò rẹ̀. Ó ní ìgbà tí ẹja ń yé ẹyin, ó ní ìgbà tí ó ń dàgbà, ó ní ìgbà tí ó ń padà, ìgbà tí ó yẹ láti pa á sì wà. Àwọn ará ibẹ̀ ti mọ èyí láti ayébáyé. Àwọn Bozo ni a gbà pé wọ́n jẹ́ apẹja àtètèdé ní ilẹ̀ náà, àwọn Somono sì wà pẹ̀lú wọn. Láàrin wọn ni àwọn ìdílé kan wà tí a fi ìṣọ́ omi lé lọ́wọ́. Olórí omi ni a lè pe baálé irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Òun ni yóò sọ ìgbà tí a ó ti ọ̀gọ̀dọ̀ kan pa àti ọjọ́ tí a ó ṣí i. Òun ni yóò sọ ibi tí a lè dẹ ìgèrè sí, àti irú àwọ̀n tí a lè sọ sínú omi. Bí àlejò bá fẹ́ pẹja níbẹ̀, yóò wá gba àyè, yóò sì fi ìpín kan sílẹ̀ nínú ohun tí ó bá rí. Bí ọjọ́ bá pé tí a fẹ́ ṣí ọ̀gọ̀dọ̀, gbogbo ìlú ni yóò jọ wọ inú rẹ̀, olówó àti tálákà.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí pé ó kan àwa oníwàásù. Ní 1818, àlùfáà Fúlàní kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Seku Amadu ṣẹ́gun ní Noukouma, ó sì fi ìjọba Ìsìláàmù lélẹ̀ ní ilẹ̀ Masina yìí gan-an. Ìlú tí ó tẹ̀ dó fún ìjọba náà ni Hamdallahi, ìjọba náà fúnra rẹ̀ ni a ń pè ní Dina, èyíinì ni ẹ̀sìn. Àlùfáà yìí le lórí ọ̀ràn ẹ̀sìn, títí dé orí tábà ni ó fi òfin dè. Síbẹ̀, nígbà tí ó dé orí omi àti pápá, kò ní kí olúkúlùkù máa ṣe bí ó ti wù ú. Ìjọba rẹ̀ la ọ̀nà tí màlúù yóò gbà, ó sọ ìgbà tí wọn yóò wọ pápá àti ẹni tí yóò ṣáájú, nítorí pé ilẹ̀ tí ẹja ń gbé nígbà tí omi bá kún, òun náà ni màlúù yóò jẹ koríko rẹ̀ nígbà tí omi bá fà. Kò sì tú àṣà olórí omi ká. Ìjọba náà wà títí di 1862 tí Al-Haji Umar Tall fi gba Hamdallahi, ṣùgbọ́n ìlànà tí ó fi sílẹ̀ lórí pápá àti omi pẹ́ jù ú lọ.

Kí ni ó wá bà á jẹ́? N kò fẹ́ dá ẹ̀bi lé ẹnì kan ṣoṣo lórí. Ọ̀dá mú ilẹ̀ náà gidigidi ní 1973 àti 1984, omi kò kún bí ó ti yẹ, ẹja kò rí koríko yé ẹyin sí. Dáàmù Markala tí wọ́n parí ní 1947 ń darí omi lọ sí oko ìrẹsì, ti Sélingué náà sì wá lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ apẹja. Ṣùgbọ́n àwọ̀n náílọ́ọ̀nù dé, ó lágbára, kò wọ́n, ojú rẹ̀ sì lè kéré bí ó bá ti wu ènìyàn. Lẹ́yìn tí Mali gba òmìnira ní 1960, ìjọba ní tirẹ̀ ni gbogbo omi, ẹni tí ó bá sì ti san owó ìwé àṣẹ lè lọ pẹja. Ẹni tí ó ní ìwé lápò wá ń wo olórí omi bí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan. Olórí omi kò ní agbára mọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba kò sì pọ̀ tó láti ṣọ́ odò. Omi tí ó ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ tẹ́lẹ̀ wá di aláìlólùṣọ́. Ìjọba fúnra rẹ̀ rí i, ó sì ṣe òfin ní 1995 tí ó fi àyè gba ìgbìmọ̀ àwọn apẹja ní àdúgbò láti tún máa bá wọn ṣètò. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Mali ní 2012 kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà rọrùn.

Nísinsìnyí, mo mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ oníwàásù kan yóò sọ. Wọn yóò ní: "Àfáà, ẹbọ ni àwọn olórí omi yẹn máa ń rú sí àlùjọ̀nnú inú omi, kí ló kàn wá nínú òfin wọn?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní ìlú San ní Mali, níbi tí wọ́n ti máa ń pa ẹja adágún Sanké pọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kejì oṣù keje nínú oṣù òṣùpá, àkùkọ àti ewúrẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi bọ ẹ̀mí inú omi. Musulumi kò gbọdọ̀ lọ́wọ́ sí èyí, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹbọ lọ́tọ̀, òfin lọ́tọ̀. Bí baba ẹnì kan bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un, tí ojúbọ wà lórí ilẹ̀ náà, ojúbọ ni yóò kó kúrò, kò ní ju ilẹ̀ nù. Ọdún ẹja Argungu nílé wa níhìn-ín jẹ́ àpẹẹrẹ. Ní 1934, nígbà tí Sultan Sókótó, Hassan dan Mu'azu, lọ bẹ àwọn ará Kebbi wò, ni wọ́n fi ọdún náà yẹ́ ẹ sí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tá ni Sókótó àti Kebbi jẹ́ sí ara wọn nígbà láéláé. Odò Matan Fada ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Ohun tí ó mú kí ẹja rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n máa ń ti odò náà pa, Sarkin Ruwa, èyíinì ni olórí omi, ni ó sì ń ṣọ́ ọ. Ọba Musulumi ni ó wà lórí ìlú náà, Musulumi ni ọ̀pọ̀ àwọn apẹja. Wọn kò sọ pé nítorí pé àwọn baba ńlá bọ omi, àwọn yóò jẹ odò náà run. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ mú ẹbọ kúrò mú un kúrò, kí ó sì fi bìsìmílàhì rọ́pò rẹ̀. Kí ó má ṣe fọwọ́ kan títì odò.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé àjùmọ̀ní ni omi, koríko àti iná. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àjùmọ̀ní kò túmọ̀ sí ohun tí kò ní olùtọ́jú. Òun kan náà ni ó fi àpèjúwe ọkọ̀ ojú omi kọ́ wa: àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ fẹ́ lu ihò sí ibi tiwọn kí wọ́n lè máa rí omi pọn, bí àwọn tó wà lókè bá sì fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò rì. Ẹni tí ó sọ àwọ̀n ojú kéékèèké sínú àjùmọ̀ní, ihò ni ó ń lu. Ànábì fúnra rẹ̀ ya pápá Naqi' sọ́tọ̀ fún ẹṣin àwọn Musulumi, Sayyidina Umar náà sì ní pápá tí ó yà sọ́tọ̀. Ohun tí Umar pa láṣẹ fún olùṣọ́ pápá rẹ̀ ni pé kí ó jẹ́ kí ẹni tí ó ní àgùntàn díẹ̀ wọlé, kí ó sì ṣọ́ra fún agbo ńlá àwọn ọlọ́rọ̀. Àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ omi níláti gbọ́ èyí náà. Olórí omi tí ó ti odò pa fún tálákà, tí ó ṣí i ní òru fún olówó, aláìṣòótọ́ ni.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ kò mọ bí wọ́n ti ń pẹja. Owó yín ni ó ń sọ àwọ̀n sínú omi. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ẹ máa ń yá apẹja lówó tàbí kí ẹ ra àwọ̀n fún un, kí ó lè fi ẹja san án padà. Bí ẹ bá ní dandan ni kí ó san án ní ìgbà tí ẹja ń yé ẹyin, ẹ̀yin ni ẹ rán an lọ rú òfin. Ọmọ ẹja ni èbù odò. Àgbẹ̀ tí ó bá se èbù rẹ̀ jẹ tán, kí ni yóò kọ ebè fún ní ọdún tí ń bọ̀? Nípa ti àwọn tí ń da oògùn kòkó sínú odò kí ẹja lè léfòó, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹja náà ń pa ẹni tí ó jẹ ẹ́ lára, omi náà ń pa ẹni tí ó mu ún lára. Òfin ẹja odò ti ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 1992 kọ̀ ọ́, òfin Ọlọ́hun sì ti kọ̀ ọ́ ṣáájú.

Ohun mẹ́ta ni mo rò pé a lè ṣe. Èkíní, kí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja ní ọjà kọ̀ọ̀kan fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, kí wọ́n dá òṣùwọ̀n tí ẹja gbọ́dọ̀ tó kí wọ́n tó rà á, nítorí pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ̀ ọ́, ẹnì kejì yóò rà á. Èkejì, kí ẹni tí ó bá yá apẹja lówó fún un láyè di ìgbà tí omi bá fà. Ẹ̀kẹta, kí àwa lèmọ́mù ìlú tí ó wà létí odò, ìbáà jẹ́ Ọya, ìbáà jẹ́ Ògùn tàbí Ọ̀ṣun, bá baálé àti àwọn apẹja jókòó, kí a mọ ibi tí a ó tì pa àti ìgbà tí a ó ṣí i, kí a sì kéde rẹ̀ nínú mọ́sálásí ní ọjọ́ Jímọ̀. Bí a bá ń kéde oṣù ààwẹ̀, kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti kéde oṣù tí ẹja ń yé ẹyin.

Mo mọ̀ pé ebi wà nílùú, pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọdún tí ń bọ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ní kí a jọ ṣe é, kí a má ṣe fi ẹrù náà lé apẹja nìkan lórí. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Mo ti padà lọ bá ìyá ẹlẹ́ja ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé: "Ìyá, èsì tí mo fún yín lọ́jọ́sí kò pé. Halali ni ẹja náà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rà á mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Àfáà, ọkàn mi ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún àwọn yòókù." Ohun tí mo ń ṣe nìyí.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí a wà lára àwọn tí ó rí ìbàjẹ́ tí wọ́n sì dákẹ́. Kí Ó fi ìbùkún sí inú omi wa àti inú òwò wa. Àmín.